Ọkọ̀ Ń Jò, Ọmọ Ń Bọ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àfaradà èmi ọmọ yín olóríkunkun. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ibi tí mo wà, àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí Bùọ̀dá Lékan, ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀ kà á, kí wọ́n má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí wọ́n bá rí i pé ó lè pa yín lẹ́kún. Mo kí ìyàwó wọn, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ìkìrun, mo sì kí àwọn ìyá tí ẹ jọ máa ń jókòó síwájú ilé nírọ̀lẹ́. Àwọn gan-an wà lára ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn. Ẹ ti sọ fún gbogbo wọn pé mo kọ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ó yẹ kí àwọn náà gbọ́ ẹjọ́ tèmi.

Ẹ fẹ́ kí n mú Sàfúrá, ìyàwó mi, wá bímọ sí Ìkìrun lọ́wọ́ yín, nítorí pé àkọ́bí ni. Mo ní rárá. Ẹ gbọ́ rárá yẹn, ẹ kò dúró gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Sáàsífáàmù, bí wọ́n ṣe ń pe agbẹ̀bí ilé ìwòsàn níbí, ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ọmọ náà dábùú nínú, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbà á, pé Sàfúrá kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò tó jìn, kò sì gbọdọ̀ gun ọ̀kadà rárá. Ìgbàkígbà tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀, kí á gbé e sínú mọ́tò, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ká máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Pobè. Ibi tí mo dé nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn tí ẹ fi bi mí pé ṣé mọ́tò ni èmi náà fẹ́ fi gbé aboyún. Ẹ sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà ẹ kò gbé ìpè mi mọ́.

Màámi, mo mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè yẹn. Èmi náà wà nínú ọkọ̀ tó gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́jọ́ náà, lójú ọ̀nà Òṣogbo, tòun ti oyún nínú. Mo rí èéfín tó ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ nígbà tí dírẹ́bà ń búra pé òun kò mọ̀ pé ọ́ìlì ti jò tán nínú ẹ́ńjìnnì, pé ó ti nọ́ọ̀kì, pé kò lè lọ mọ́. A dúró sínú oòrùn, à ń na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá, ẹ̀yin ń fi gèlè yín fẹ́ ẹ. Nígbà tí ọkọ̀ kan fi máa dúró, ó ti pẹ́ jù. Láti ìgbà náà ẹ kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tó dán an wò láti pè é lójú yín. Èmi náà kò ní í kọ ọ́ síbí. Bùọ̀dá, ẹ sinmi díẹ̀ kí Màámi mu omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbé, kí ìyókù lè yé yín. Ìgbèríko Massè ni a wà, lábẹ́ Adja-Ouèrè, ní òdìkejì ibodè níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló yí wa ká, ọ̀pẹ sì wà níbi gbogbo tí ojú bá lè rí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ọkọ̀ kó epo pupa lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ṣe é ní Massè àti Oko-Akarè, kí n gbé e lọ sí ọjà Adja-Ouèrè. Bídọ̀n ni wọ́n ń pe kẹ́ẹ̀gì níbí, bídọ̀n ló sì máa ń kún búùtù mi. Ọkọ̀ náà dàgbà ju ìyàwó mi lọ. Funfun ni wọ́n kùn ún nígbà kan rí. Ní báyìí, àwọ̀ ilẹ̀ pupa ibí ló ní. Síbẹ̀ òun nìkan ni mọ́tò tó ń sùn ní abúlé wa. Ọ̀kadà ni gbogbo ìyókù.

Àwọn ènìyàn ibí, Ọ̀họ̀rí ni wọ́n, Yorùbá sì ni èdè wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, bí mo bá ti la ẹnu, àwọn ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Wọ́n fẹ́ràn mi, n kò ní í purọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ń kí ara wọn láàárọ̀, tí wọ́n ń béèrè bàbá, ìyá àti àbúrò ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá wá kàn mí, ìkíni náà á kúrú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó lè béèrè lọ́wọ́ mi. Ó máa ń dùn mí. Nígbà tí Sàfúrá lóyún, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ìkíni tèmi náà yóò gùn sí i.

Ọkọ̀ náà ń jò. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ń jò. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọkọ̀ tó ń gbé epo pupa kiri, tí bídọ̀n ń dojú dé nínú búùtù rẹ̀ ní gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, bí ẹ bá rí nǹkan tó ń kán lábẹ́ rẹ̀, kí lẹ máa pè é? Epo pupa náà ni. Ibi tí mo ń gbé e sí sì dà gẹ̀rẹ́ síwájú, nítorí náà èyí tó bá dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ máa ń ṣàn wá sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Eruku á bò ó, á di dúdú, kò sì sẹ́ni tí yóò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwọn obìnrin elépo máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ mi ń yọ́ ẹrù àwọn jẹ. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá gun ọkọ̀ mi, màá lọ.

Ohun tó tún wá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni òkúta Ògún. Bàbá Ọdẹ, onílé mi, ń bọ Ògún bí àwọn bàbá rẹ̀ ṣe ń bọ ọ́, òkúta náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ mi ń sùn. Imú ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Nígbà tí bàbá rí i pé ọkọ̀, tó jẹ́ pé irin ni gbogbo ara rẹ̀, ń fúnra rẹ̀ kán epo sílẹ̀ lẹ́bàá Ògún, inú rẹ̀ dùn dé ìdí. Ó ní epo máa ń mú Ògún rọ̀, pé ọkọ̀ tó bá ń ṣe báyìí kò ní í forí sọgi láé. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi nǹkan nù ún, n kò sì gbọdọ̀ dí i. Kí ni mo fẹ́ sọ? Onílé ni, àgbà ni, ó sì ń ṣàdúrà fún mi láràárọ̀. Mo gbé ọkọ̀ síbẹ̀ kó máa kán.

Ọyẹ́ wá dé. Ọyẹ́ ti ọdún yìí le, ètè mi bẹ́, eruku bo gbogbo ewé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jáde láti gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bàbá Ọdẹ ti jí bọ Ògún ní tirẹ̀, ó ti da epo pupa sórí òkúta náà. Epo yẹn ti dì. Ó ti lẹ̀ mọ́ òkúta, ó pọ́n bí ọsàn tó pọ́n. Mo ṣí búùtù, mo mi bídọ̀n kan, kò mì, òun náà ti dì. Mo ti fẹ́ wọlé sínú ọkọ̀ nígbà tí ojú mi bọ́ sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Èyí tó ń kán níbẹ̀ kò dì. Òtútù tó mú epo orí òkúta kò mú un, ìwọ̀nba àlàfo ẹsẹ̀ kan ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó dúdú, ó ń dán, ó ń ṣàn. Mo fi ìka kàn án, mo gbé e sí imú. Màámi, kì í ṣe epo pupa. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa ọ̀pá gééjì yọ. Ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ tí mo bu òmíràn sí i. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá òkúta Ògún, mo di ọ̀pá gééjì mú. Ẹ̀yin ni mo rí lójú mi, gèlè yín lọ́wọ́. Sáàsífáàmù ti sọ pé ọjọ́ kí ọjọ́ ni ọmọ náà lè dé. Sàfúrá sì ń gbálẹ̀ nínú ilé, ó ń kọrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò mọ nǹkan kan.

Mo bu gbogbo ọ́ìlì tí mo ní sí i, mo rọra wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó wà lórítà, kò jìnnà sí ilé wa. Pàtírọ̀n, ìyẹn ọ̀gá, ni gbogbo ayé ń pè é, n kò tíì gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ ni, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ. Ó ti gbẹ́ kòtò kan, ó gbé ìtì ọ̀pẹ méjì dábùú rẹ̀, orí ìtì méjì yẹn ni ọkọ̀ ń gùn kó tó lè wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó wọlé, ó fọwọ́ tọ́ ọ wò níbi tí ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà ti pàdé, ó jáde, ó ní sìlì ẹ̀yìn ni, fíní, ọ̀rọ̀ parí. Ó ní rọ́bà tó ń di ọ́ìlì mú lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ, pé kò sí bí òun ṣe lè dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé òun sọ àpótí jíà kalẹ̀. Mo béèrè ìgbà tí yóò parí. Ó ní ó di ẹ̀yìn ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, bí òun bá tètè rí sìlì náà rà.

Inú bí mi, mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní bí ó bá tú jíà kalẹ̀ lónìí, tí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lọ́la, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá fi pọ̀n ọ́n dé Pobè? Òun náà ju sípánà sílẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun fi ọkọ̀ tó ń jò rán aboyún jáde, kó wá nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà? Kò mọ ohun tó sọ. Kò sẹ́ni tó sọ ìtàn wa fún un. Mo yíjú sí ọ̀nà, nítorí omi ti dé sí mi lójú, n kò sì fẹ́ kó rí i.

Ibi tí mo yíjú sí gan-an ni ìyá Sàfúrá sá láfún rẹ̀ sí. Ó tẹ́ ọ̀rá dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, láfún funfun báláú sì wà lórí rẹ̀. Mo ń wò ó. Mo wá rántí ìkòkò omi yín.

Ṣé ẹ rántí? Nígbà tí ìkòkò ńlá ẹ̀yìnkùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, Bùọ̀dá á ní ìdí rẹ̀ ló ti sán, kí á sọ ọ́ nù, nítorí ìdí rẹ̀ ló máa ń tutù. Ẹ̀yin kì í gbà. Ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù, ẹ máa nù ún títí yóò fi gbẹ, ẹ máa fi èlùbọ́ pa gbogbo ara rẹ̀ lóde, ẹ máa wá bu omi padà sí i. Ẹ máa fà mí jókòó, ẹ máa ní kí n má ṣẹ́jú. Ibi tí èlùbọ́ bá kọ́kọ́ ti tutù, ibẹ̀ ló ti ń jò. Òkè ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, lábẹ́ ọrùn ìkòkò, omi kàn ń ṣàn wá sí ìdí ni.

Mo sọ fún Pàtírọ̀n pé kí á fọ ẹ́ńjìnnì náà, kí á nù ún gbẹ, kí á fi láfún pa á. Ó wò mí bí ẹni tí oorun ń dà láàmú. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti kékeré, kò sẹ́ni tó ní kí òun wá ro ọkà sínú ẹ́ńjìnnì rí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní bí mo bá ṣì í, kó tú jíà kalẹ̀, n kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́. Ó pòṣé, ó lọ gbé kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì. A fọ ọ́ títí apá fi ń ro wá. Epo pupa tó ti bá eruku dì pọ̀ níbẹ̀ pọ̀ débi pé a fi ọ̀bẹ ha á. A fi omi ọṣẹ ṣàn án, a fi aṣọ nù ún gbẹ, a sì fi oòrùn àti ọyẹ́ parí rẹ̀. Ìyá Sàfúrá kọ́kọ́ bínú nígbà tí mo ní kí ó fún mi ní láfún fún ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó bu ọpọ́n kan kún, ó sì dúró wò wá.

Mo fi ọwọ́ ara mi fọ́n láfún náà sí ìsàlẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́, sí òkè lẹ́yìn níbi tí ó pamọ́ sí. Ibi tí bẹ́líìtì ń yí sí nìkan la fi sílẹ̀. Ó funfun láti òkè délẹ̀. A tan ọkọ̀, a fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Pàtírọ̀n wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń wo sìlì tirẹ̀. Èmi tẹ̀ síwájú lórí ẹ́ńjìnnì, mo tan iná fóònù, n kò ṣẹ́jú. Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé sìlì ni, sìlì ni, pé mo ti fi àkókò ṣòfò. Nígbà náà ni láfún kan tutù níwájú mi. Ní ẹ̀yìn pátápátá, ní igun ìdérí tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, ìlà dúdú kan yọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì àti jíà ti pàdé. Láti ibẹ̀ ló ti ń kán. Mo pariwo pe Pàtírọ̀n. Ó yọ jáde, láfún kún irun rẹ̀, ó wò ó, ó wá ké fùwàlà, òun nìyẹn! Ó gbá mi mọ́ra pẹ̀lú gbogbo ọ́ìlì ara rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe sìlì. Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Gáskẹ́ẹ̀tì, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí ọ́ìlì mọ́ abẹ́ ìdérí náà, ló ti gbẹ. Nígbà tí a ṣí i, ó ń rún bí gúgúrú tó ti pẹ́ nínú àwo. Irú rẹ̀ kò sí nítòsí. Ẹnì kan tó ń kọjá ní kí á gé rọ́bà inú táyà sí i, Pàtírọ̀n lé e lọ, ó ní ọ́ìlì yóò mú kó wú, yóò sì fà yọ. Ó ní òun yóò gé tuntun fúnra òun. Ó gbé pépà gáskẹ́ẹ̀tì kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí irin ìdérí náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù kékeré kàn án ní etí yíká, kí ẹnu irin fúnra rẹ̀ máa gé e. Ó ní tó bá parí, òun yóò fi gọ́ọ̀mù sí i, ọkọ̀ náà yóò sùn síbẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ, tó bá di àárọ̀ ọ̀la ó parí.

Ó ń kàn án lọ́wọ́ nígbà tí ìyá Sàfúrá, tó ti padà sílé, tún yọ lójú ọ̀nà. Kò sáré. Ó ń rìn kíákíá, ó fi ọwọ́ di ìró rẹ̀ mú, bí ó sì ṣe ń bọ̀ láìsáré yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ó ní omi ti dà.

Màámi, ẹ̀rù bà mí gan-an. Orí ẹ́ńjìnnì wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ìdérí rẹ̀ wà nílẹ̀, pépà náà kò tíì gé tán. Mo pe sáàsífáàmù. Ó ní ọkọ̀ tiwọn ti gbé aláìsàn mìíràn lọ, kí n má ṣe gbé Sàfúrá sórí ọ̀kadà bó ti wù kó rí, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí n máa bọ̀. Mo ní ọkọ̀ mi wà ní títú. Ó ní kí n tètè tò ó.

Pàtírọ̀n ti gbọ́. Kò wo ojú mi. Òòlù rẹ̀ kò yára, kò sì dúró, ó ń lọ kó-kó-kó ní etí irin. Mo fẹ́ gba òòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n lọ gbé ìyàwó mi wá, pé tí òun bá kánjú, pépà yóò ya, òmíràn kò sì sí. Nígbà tí èmi àti ìyá Sàfúrá fi máa mú un dé orítà, tí a tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ igi, ó ti gé e tán. Gọ́ọ̀mù kò ní í ráyè gbẹ, nítorí náà ó fi gírísì pa á lójú méjèèjì, ó tẹ́ ẹ, ó dé ìdérí lé e, ó ń mú nọ́ọ̀tù le lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fo láti igun dé igun kí ó lè jókòó dọ́gba. Ó ní tí ó bá le jù, á fọ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Sàfúrá ń pe orúkọ mi, kò pariwo, ó kàn ń pè é.

A bu ọ́ìlì tuntun sí i dé ojú ìlà gééjì. Mo tan ọkọ̀, ó sì jẹ́. Bàbá Ọdẹ ti dé, ó bu omi tútù, ó dà á síwájú táyà. Pàtírọ̀n fọ́n láfún díẹ̀ sí igun tó ń jò yẹn, ó kó sípánà àti ọ́ìlì tó kù, ó jókòó tì mí níwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Sàfúrá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan ìyá rẹ̀. A gbéra.

N kò lè sọ ọ̀nà náà fún yín. Eruku ni mo rí, àti iná tó máa ń kìlọ̀ bí ọ́ìlì bá ti ń tán, tó wà níwájú mi, tí kò tàn. Mò ń wò ó ju ọ̀nà lọ. A dé agbedeméjì ọ̀nà, Pàtírọ̀n ní kí n dúró ká wo igun yẹn. Mo ní n kò dúró. Ó tún un sọ. Mo jágbe mọ́ ọn pé ọkọ̀ tí mo mọ̀ tó dúró lójú ọ̀nà kò gbéra mọ́. Ó yé e pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí òun kò mọ̀. Ó rọ ohùn rẹ̀, ó ní bí ó bá ń jò tí a kò wò ó, yóò fúnra rẹ̀ dúró, pé kí n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, òun nìkan ni yóò bọ́ sílẹ̀. Mo dúró. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo di sítẹ́rìn mú, mo di ojú mi. Sàfúrá bi mí láti ẹ̀yìn pé kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan kan. Kí n tó sọ ọ́ tán, Pàtírọ̀n ti ń lu bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti pa dé, ó ń kígbe pé funfun ni, funfun ni, kí n máa lọ.

A dé Pobè. Wọ́n gbé e wọlé lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Èmi àti Pàtírọ̀n jókòó sínú ọgbà. Ó wá paálí kan rí, ó tì í sábẹ́ ọkọ̀, ó ní kí á máa wò ó bóyá nǹkan yóò kán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó, mo ń wo ilẹ̀kùn, mo ń wo paálí, mo tún ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo sáré wọlé. Obìnrin ni, Màámi. Ìyá wà láàyè, ọmọ wà láàyè. Mo padà jáde wá sọ fún Pàtírọ̀n, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń nawọ́ sí paálí náà, ó ń fi hàn mí. Ó gbẹ. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà mí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù. A ti sọ ọmọ lórúkọ. Alfáà ilé wọn pe tirẹ̀, ìyá Sàfúrá pe tirẹ̀. Bàbá Ọdẹ wá béèrè pé kí ni ìyá ọkọ pe ọmọ, nítorí níbí náà, bí i tilé, wọn kì í fò ó. Mo tẹrí ba. Mo ní ìyá mi kò tíì ránṣẹ́. Ó ní kí á fi àyè tiyín sílẹ̀, a sì fi í sílẹ̀. Sàfúrá mọ orúkọ tó wà lọ́kàn mi, mo ti sọ ìtàn náà fún un. Ó ní kí n má ṣe fi tipátipá gbà á lẹ́nu yín. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ wá gbé ọmọ náà ná.

Ẹ bá mi wá, Màámi. Ẹ ní kí Bùọ̀dá sìn yín dé ẹnu ibodè Ìlárá, èmi yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn mọ́tò. Paálí Pàtírọ̀n ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ nílé, àràárọ̀ ni mò ń fà á yọ wò, gbígbẹ ni. Ìkòkò yín ló bá wa rí ibi tó ti ń jò. Ẹ̀yin lẹ gbé ìyàwó mi dé Pobè, bí ẹ kò tilẹ̀ gbé ìpè mi. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé e sórí itan yín, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí orúkọ náà bá wá sí yín lẹ́nu, ẹ pè é. Ó ti ní ẹni tí yóò máa jẹ́ ẹ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó fi ọwọ́ ìtura nu ojú yín, kí ẹsẹ̀ yín má kọ lójú ọ̀nà. Sàfúrá kúnlẹ̀ kí yín. Ìyá rẹ̀ kí yín, ó ní láfún yín wà níbí. Bàbá Ọdẹ kí yín, epo ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló fi ń bọ Ògún rẹ̀ ní báyìí, kò dúró de ọkọ̀ mi mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti ọmọdé, ẹ sì bá mi kí àwọn ìyá iwájú ilé. Ẹ sọ fún wọn pé ní abúlé wa níbí, tí wọ́n bá ń kí mi láàárọ̀ báyìí, wọ́n ń béèrè ọmọ, wọ́n ń béèrè ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé,
bàbá ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́nu yín.